Àgbà Ló Ń Kọ́kọ́ Na Apá

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fa àga yín wá síbí, oòrùn ti kúrò níhìn-ín. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò pè yín nítorí omi kànga tí ẹ fi ń ṣòfò, a ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí ni mo fi pè yín, nígbà tí ẹ̀ ń fọ aṣọ lẹ́yìn fèrèsé mi. Ìwọ ọmọ Ìbàdàn sọ fún èkejì rẹ pé àwọn nọ́ọ̀sì ti tún wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, pé wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Èkejì rẹ ní bí o bá kọ́kọ́ lọ, òun náà á lọ. Ìwọ ní rárá, òun ló fi oṣù mélòó kan jù ọ́ lọ, kí òun ṣáájú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń sá aṣọ yín lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, inú mi sì bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹ ẹ̀kọ tí mo pò sílẹ̀.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù lẹ mọ̀ mí sí, arúgbó tó ń yọ orí lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé orin yín sókè jù. Ẹ kò mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, mo sì kọ́lé sí Ọ̀bà-Ilé yìí nígbà tí okété ṣì ń bá wa jẹ iṣu nínú ọgbà. Ìyàwó mi ti lọ. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, wọ́n máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, bí ẹ̀yin bá ti lọ sí yunifásítì, kò sí ohùn kankan nínú ilé yìí àfi ti rédíò. Ìdáwà náà ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Oǹdó, ẹnì kan kì í dá lọ gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ló máa ń wá bá wa nílé. Ọjọ́ ìbupá là ń pe ọjọ́ náà, nítorí apá ni wọ́n ń bù. Wọ́n á fi irin ṣóńṣó ha ara ènìyàn, wọ́n á kán oògùn sí i, kí àrùn ilẹ̀-gbóná má baà mú un. Àrùn yẹn ní orúkọ gan-an, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí a pè é nínú ilé, èmi náà kò sì ní pè é lónìí. Bí ìbupá bá ku ọ̀la, akéde á lu agogo yí àdúgbò ká ní ìrọ̀lẹ́, á ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sí oko kòkó. Bí ó bá ti kọjá báyìí, ẹ ó gbọ́ tí omi ń dà ṣọ̀ọ̀ lẹ́yìn gbogbo ilé. Àwọn ìyá wa ló ń da omi ìkòkò nù, nítorí wolé-wolé máa ń bá àwọn abupá wá, bí ó bá sì rí tanwíjì nínú ìkòkò ẹni, ilé ẹjọ́ yá.

Ìró aago kẹ̀kẹ́ wolé-wolé náà ṣì wà létí mi. Ṣòkòtò kakí péńpé ló máa ń wọ̀, fìlà rẹ̀ le bí igbá. Àwọn àgbà ọkùnrin tí kì í sá fún ejò máa ń sá fún un. Ọdún kan, àbúrò bàbá mi kan gun òkè àjà lọ sá pamọ́ sáàárín àpò kòkó. Gbogbo wa ti tò tán, wọ́n ti ń ka orí, ni eruku bá wọ ọ̀fun rẹ̀, ló bá wúkọ́. Wolé-wolé gbójú sókè, ó béèrè ohun tó wà lókè àjà. Ìyá mi, tí kì í purọ́ dáadáa, ní ekúté ni. “Ekúté tó bá ń wúkọ́ báyẹn,” wolé-wolé dáhùn, “òun gan-an ló nílò abẹ́rẹ́ jù.” Bàbá náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí. Títí ó fi kú ni wọ́n ń kí i ní Ekúté, ó sì ń dáhùn.

Ètò kan wà nínú ilé wa tí kì í yẹ̀. Àgbà ló ń kọ́kọ́ na apá. Bàbá mi á jókòó sórí àpótí níwájú abupá, á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, á máa wo òkè títí wọ́n á fi ṣe é tán. Ó kan àwọn àbúrò rẹ̀, ó kan àwọn ìyá wa, kó tó wá kan àwọn ọmọ, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ọmọ ọwọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé bí oògùn náà bá máa pa ènìyàn, kó jẹ́ àgbà ni yóò kọ́kọ́ pa. Bí ọmọdé bá sì rí i pé bàbá òun ṣì ń mí, tó tún ń béèrè omi tútù, ẹ̀rù rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. N kò sọ pé kò sí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, òun ni wọ́n bí ṣáájú mi. Onígboyà ni, tàbí kí n sọ pé ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé onígboyà ni òun. Ọdún kan ó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, ó na apá ṣáájú ọmọ àbúrò bàbá wa kan tó fi ọjọ́ mẹ́ta péré jù ú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbọ́ o. Bàbá mi ní kí abupá dúró. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìgbà tó di ẹ̀gbọ́n ẹni tó bá láyé, ó sì dá a padà sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn àwa kékeré. Ó dúró síbẹ̀ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ òun àti èmi lára. Tíṣà kankan kò kọ́ wa ní ohun tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí èmi nìkan mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Bí ó bá ti kàn án, á na apá òsì rẹ̀ fún abupá bí ọba, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá ọwọ́ mi lẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ náà á tutù rinrin. Èmi á dì í mú títí wọ́n á fi parí, á wá já a gbà, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó dàgbà tó ṣe Òbìtun, ètò àwọn ọmọge tó ti tó ilé ọkọ, tí òun àti àwọn ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó yí ìlú ká pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, àpá ìbupá mẹ́ta hàn kedere lápá rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń wòran ń sọ pé ọmọbìnrin yìí mà láyà.

Ẹ ò mọ Oǹdó ìgbà yẹn. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí odó kì í dún. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti oko, ìró odó ló máa fi mọ̀ pé òun ti dé ìlú, nítorí iyán là ń jẹ, ẹni tí kò bá rí iyán jẹ kò tíì jẹun. Ọjọ́ ìbupá nìkan ni gbogbo odó ń dákẹ́, apá kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọrí odó. Iṣu sísun la máa ń jẹ lọ́jọ́ náà, a ó fi epo pupa jẹ ẹ́ níwájú ilé, gbogbo ilé lápapọ̀, a ó máa fi apá wé apá láti mọ tẹni tó wú jù. A kì í lọ oko, a kì í lọ odò. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Lóde òní, fóònù lẹ fi ń forúkọ sílẹ̀, fóònù ló ń sọ fún yín ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ ó ti ilẹ̀kùn. N kò bú yín, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gba tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi di aránṣọ, ó lọ́kọ, ó bímọ, ọkọ kú, àwọn ọmọ túká, òun padà sí ilé bàbá wa ní Oǹdó. Nínú gbogbo àwọn tó máa ń tò níwájú abupá, àwa méjì ló kù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti jẹun tán, mo máa ń pè é. Ẹnu Oǹdó la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé láàárín àwọn ará Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní ulé, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa fẹ́ sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ ronú. Òun nìkan ló kù tí mo lè bá sọ ọ́ báyẹn.

Nígbà tí Kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì pa, ó fi àjákù aṣọ rán ìbòmú fún gbogbo àdúgbò, ó fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú awakọ̀ kan. Àwọn ọmọ mi ní kí n má rìn kiri, pé àwọn arúgbó ni àrùn náà ń mú jù, pé mo lè gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi láìmọ̀. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Láti ibí dé Oǹdó kò ju bíi wákàtí kan lọ. Bí ènìyàn bá ti kọjá Ọ̀wẹnà, tó kọjá Bọ́lọ́rundúró, ó kù díẹ̀. Mo lo ohun tó ju ọdún kan lọ láìfi ojú kàn án.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ dé. Wọ́n kéde lórí rédíò pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ gbà á, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kékeré ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Inú mi dùn. Mo ní ẹ wò ó, àgbà ló tún ń kọ́kọ́ na apá bíi ti àtijọ́. Mo lè rìn dé ilé ìwòsàn náà kí n tó jẹun àárọ̀. N kò lọ. Mo ń dúró kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ní ọmọ-ọmọ, ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí n bá gbà á ṣáájú rẹ̀, yóò dà bíi pé mo ti kà á mọ́ òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di Yorùbá ilé-ìwé kó lè yé yín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti lọ gba abẹ́rẹ́ náà?”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ṣé èmi ni mo máa ṣáájú yín?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “O kò lè ṣáájú mi,” ó ní.

Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà la wá ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo ti ro ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Àyè wà níbẹ̀ tí mo lè fi sọ pé, “Mò ń bọ̀ lọ́la, a ó jọ lọ.” Mo ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù. Mo ro pé bí àbúrò bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò dà bíi pé ó ń pàṣẹ fún àgbà, tàbí pé ó ń tú àṣírí rẹ̀. Òun náà lè sọ pé kí n wá. Àgbà ni, kò sì lè sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọ̀wọ̀ ni a fi ń bá ara wa lò, a fi ọ̀wọ̀ náà sé ara wa mọ́lé.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òtútù ni. Ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa lórí fóònù, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé àrùn náà ni. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ ọ́. Ó kú kí n tó rí ọkọ̀.

A sin ín láàárọ̀, àwa díẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú tí òun fúnra rẹ̀ rán. Obìnrin tó yẹ kí gbogbo Oǹdó sin ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, aládùúgbò rẹ̀ kan, Ìyá Ìdòwú, wá bá mi lábẹ́ igi níwájú ilé bàbá mi. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì wá sí òpópónà wọn lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé fún àwọn àgbà tí kò lè rìn jìnnà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀, ó wọ bùbá tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ kó lè rọrùn láti ká, ó jókòó síta. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun kan náà ló sọ.

“Àbúrò mi ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ kó dé ná, òun ló máa dì mí lọ́wọ́ mú.”

Ìyá Ìdòwú rò pé mo mọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tó dá mi dúró, láìbínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, n kò sì bo ojú.

Nítorí náà ni mo ṣe pè yín. Ẹ jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí èrò tó pọ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, èyíkéyìí, ti yunifásítì náà á ṣe é. Bí ẹ kò bá tíì fi fóònù forúkọ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ fún yín níbẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní àìsàn kan tàbí oògùn kan tó máa ń bá yín jà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè wò yín, ẹ jókòó, ẹ má sá lọ. Apá á dùn yín, ibà díẹ̀ lè mú yín, yóò lọ. Ẹ tọ́jú káàdì tí wọ́n bá fún yín, nítorí ẹ ó tún padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ jáde nílé, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé iwájú nọ́ọ̀sì na apá. N kò fẹ́ gbọ́ ta ló fi oṣù mélòó ju ta lọ mọ́.

Èmi lọ gba tèmi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú náà. Èmi nìkan. Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì, àlàfo wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, béèrè orúkọ mi àti ọjọ́ orí mi, ó béèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ẹnì kan tí àwọn lè pè bí ara mi bá yí padà. Nọ́ńbà àwọn ọmọ mi wà nínú fóònù, mo sì ti gbàgbé fóònù sílé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ sórí. Mo kà á fún un díẹ̀díẹ̀.

“Kí ni ẹni yìí jẹ́ sí yín, Bàbá?”

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sì sọ fún un pé kó pa á rẹ́. Nígbà tí mo padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì mìíràn ni mo bá. Ó wo ìwé mi, ó béèrè bóyá nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè ṣì ni èyí tó wà níbẹ̀. Mo ní òun náà ni.